Èèpo Máńgòrò Iwájú Ilé Ìyá

Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí ní dókítà igi. Tíṣà ni mí. Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní iṣẹ́ àgbẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹnu mi sì mọ bíbá ọmọ wí ju títọ́jú igi lọ. Ṣùgbọ́n ará ibí, bí wọ́n bá ti sọ ọ́ lórúkọ, o ò lè bọ́ ọ sílẹ̀ mọ́. Láti Ọlọ́runṣògo tí mò ń gbé títí dé àwọn abúlé ẹ̀yìn Akanran, ẹni tí ewé ọsàn rẹ̀ bá ń ká kò, ẹni tí píà rẹ̀ bá ń gbọn òdòdó dànù, èmi ni wọ́n ń pè. Wọn ò tilẹ̀ ní kí mi tán. "Ẹ káàárọ̀ mà, igi wa ò gbádùn o." Àfi bíi pé igi náà ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń dúró dè mí.

Nígbà míì mo máa ń kanra mọ́ wọn. Àmọ́ mo máa ń lọ. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, tí àwọn ọmọ sì ti tẹkọ̀ létí lọ sí ìlú òyìnbó, kí ni mo tún ń ṣe nílé? Màá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà mi, màá mú ọ̀bẹ kékeré kan àti ayùn ọwọ́ tí ọkọ mi fi sílẹ̀, màá wọ mọ́tò.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń bá àwọn ọmọ iléèwé jà nígbà ayé iṣẹ́ mi: ẹ má dárúkọ igi tẹ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kàn. Já ewé rẹ̀, fún un lọ́wọ́, gbóòórùn rẹ̀. Ewé máńgòrò kò lè tàn ọ́ jẹ, bó o bá ti fún un báyìí, òórùn máńgòrò tí kò tíì pọ́n ló máa gba imú rẹ. Yí ewé agbálùmọ̀ padà, wàá rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú, bó o bá sì já a, oje funfun á jáde bíi wàrà. Ti ìyeyè tún yàtọ̀. Ìyeyè máa ń wọ́wé tán pátápátá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, á dúró ní ìhòòhò, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á sì ti gbé àáké sí i. Àwa tá a mọ̀ ọ́n, èékánná la fi ń họ èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀, òjò ló ń retí.

Bàbá kan lọ́nà Ẹgbẹ́dá, tíṣà bíi tèmi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, pè mí wá wo agbálùmọ̀ rẹ̀. Ó ti di ọdún keje tó ti ń bomi rin ín, kò so ẹyọ kan rí. Ó ti da iyọ̀ sí i nídìí. Ó ti fi àdá halẹ̀ mọ́ ọn bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe: òun á gbé àdá sókè pé òun fẹ́ gé e, ìyàwó rẹ̀ á kúnlẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú, á so lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe eré yìí fún igi. Mo já ewé kan, mo yí i padà. Iwájú rẹ̀ tutù, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù, kò sí oje funfun kankan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, obì lẹ ń halẹ̀ mọ́ pé kó so agbálùmọ̀." Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá ò rẹ́rìn-ín o. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n tó pe igi ní àgàn, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè orúkọ rẹ̀.

Bí ẹnu mi ṣe mú tó nìyẹn. Ẹ wá wo bí ojú ṣe tì mí lórí ọ̀rọ̀ máńgòrò Ìyá.

Ìyá ni ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́. Opó ni wọ́n, Mùsùlùmí, wọ́n á ti máa sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì ń dá gbé ilé alámọ̀ kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Akanran. Ọmọ wọn yìí ń ta àlùbọ́sà ní Ṣáṣá, ibẹ̀ náà ló kọ́lé sí. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, mo sì gbọ́ ọ lóhùn pé ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

"Mà, igi máńgòrò iwájú ilé màámi ti ń gbẹ láti òkè. Ẹ̀ka rẹ̀ ńlá kan sì nà sórí òrùlé wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n gé igi náà kó tó wó lu wọ́n. Àmọ́ màámi ní bí mo bá máa gé e, kí n gbẹ́ sàréè àwọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Tẹ̀rín tẹ̀rín ni wọ́n sì fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ẹ bá mi wò ó. Bó bá ṣeé tọ́jú, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá ṣeé tọ́jú, ẹnu yín ni wọ́n á ti gbọ́ ọ, torí wọn ò ní gbọ́ tèmi."

Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Mo wọ awò ojú mi, mo sì rí ìlà amọ̀ pupa tí ikán fà gun ara igi náà. "Ikán ni," mo ní, bí ẹni tó wà níbẹ̀. Mo dárúkọ oògùn tó máa rà fún un. Ó rà á, ó pò ó, ó dà á sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó tún pè. Ikán ti kú tán, igi ò sì dẹ́kun gbígbẹ.

Ẹ gbà mí o! Èmi tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ igi láìfọwọ́ kàn án, fóònù lèmi fọwọ́ kàn. Mo bú ara mi dáadáa lọ́jọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo gbéra, ó di Akanran, mo gun ọ̀kadà níbẹ̀ wọ abúlé.

Àsìkò máńgòrò ni. Bí a ṣe dé iwájú ilé, ọlọ́kadà tó gbé mi gbójú sókè, ó ní, "Háà, màmá, ṣé igi tó so báyìí lẹ ní ó ń ṣàìsàn? Igi yìí mà ń gbádùn!" Èso bo igi náà lóòótọ́, àmọ́ wẹẹrẹ wẹẹrẹ ni, kò sí èyí tó ju ẹyin adìẹ lọ. Ewé rẹ̀ ti pọ́n, téńté orí rẹ̀ sì ti gbẹ táútáú. Mo ti rí irú rẹ̀ rí lára ọsàn, mo ti rí i lára kajú. Igi tí ikú bá ti ń sún mọ́ máa ń kó gbogbo agbára tó kù fún un sínú èso. Àwọn èèyàn á máa yọ̀, wọn ò mọ̀ pé ó dàbọ̀ ló ń wí.

Ìyá jáde sí ẹnu ọ̀nà. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n, ìborùn funfun wà lórí wọn, wọ́n mú tẹ̀súbà lọ́wọ́.

"Tíṣà ọmọ mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ jókòó."

"Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo aláìsàn yín ná."

"Aláìsàn yìí ò ní ẹsẹ̀ tó máa fi sá lọ. Ẹ jókòó, ẹ mu omi."

Èmi ò jókòó. Èmi tí iṣẹ́ ń pè! Mo kọ́kọ́ dúró sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ọmọ wọn dúró sí nígbà tó ya fọ́tò. Igi náà sanra, èèpo rẹ̀ wà lára rẹ̀, ipa ikán náà nìyẹn. Mo wá yí lọ sẹ́yìn igi, síhà ojú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti pariwo.

"Yéè!"

Kò sí èèpo níbẹ̀ mọ́. Láti orúnkún mi títí dé ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà lè nà dé, wọ́n ti bó igi náà. Ojú ọ̀bẹ wà lórí ojú ọ̀bẹ. Ọgbẹ́ tó ti dúdú wà níbẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe oje náà wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àmọ́ wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ara wọn yí igi po. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ mi méjì ni èèpo tó kù lára rẹ̀, ìyẹn lápá ibi tó kọjú sí ilé, ibẹ̀ náà sì ni fọ́tò yẹn fi hàn mí. Ikán ò jẹ̀bi ohunkóhun. Igi tó ti kú ni ikán ń jẹ.

Mo pe Ìyá, mo fi hàn wọ́n. Mo ní, "Ìyá, inú èèpo ni oúnjẹ igi ń gbà wá láti ara ewé lọ sí gbòǹgbò. Bí wọ́n bá bó o yí po, ẹ ti fún igi lọ́rùn nìyẹn. Ta ló ń ṣe èyí?"

"Gbogbo èèyàn ni," wọ́n dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. "Wọ́n fi ń se àgbo ibà. Èèpo máńgòrò yìí ló mú jù lágbègbè ibí, wọ́n máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà ayé bàbá àwọn ọmọ mi, wọ́n ní òfin tí wọ́n ṣe. Ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tó ti ń wọ̀ nìkan ni kí wọ́n ti gé e, bí ojú ọgbẹ́ kan ò bá sì tíì san, kí wọ́n má dá òmíràn sí i. Bàbá fúnra wọn ló ń mú ọ̀bẹ. Nígbà tí wọ́n kú, ibi oòrùn yíyọ tán, ibi oòrùn wíwọ̀ tán, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e káàkiri."

"Ẹ sì ń wò wọ́n?"

"Díẹ̀ ni wọ́n máa ń ní àwọn fẹ́, Tíṣà. Díẹ̀ náà ni wọ́n sì ń mú."

"Díẹ̀ díẹ̀ náà ni wọ́n fi pa á!"

Ohùn mi ti lọ sókè. Bí a ṣe wà lórí rẹ̀ ni obìnrin kan ya wọlé, ọ̀dọ́ ni, ó pọn ọmọ, ó mú ọ̀bẹ dání. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá. Ẹ wo ojú Ìyá! Gbogbo rẹ̀ ló yí padà. Wọ́n fa àpótí kan jáde, wọ́n ń fi ìborùn nù ún. "Jókòó, jókòó. Ọmọ ńkọ́? Ibà yìí ò tíì lọ síbẹ̀? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀?"

Èmi ò jẹ́ kí obìnrin náà fèsì. Mo na ìka sí ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? O ò rí i pé ẹ ti pa igi yìí tán? Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná báyìí, ibùdó ìlera Akanran ló yẹ kó o gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kì í ṣe ìdí igi onígi!"

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, òótọ́ ni mo sọ, mo ṣì lè sọ ọ́ lónìí. Ohùn tí mo fi sọ ọ́ ni kò dáa. Obìnrin náà dìde, ó fi ọ̀bẹ pamọ́ sábẹ́ ìró, ó tọrọ àforíjì, ó lọ. Ìyá ń wò ó lọ títí tó fi yà lẹ́yìn ilé kejì. Mo rò pé ojú ló ń tì wọ́n.

Iṣẹ́ ni mo ṣe lọ́jọ́ náà, kí n má parọ́. Mo ní kí ọlọ́kadà bá mi wá ìgbẹ́ màálù lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní, mo pò ó mọ́ amọ̀ àti eérú, mo fi rẹ́ gbogbo ojú ọgbẹ́. Mo ká ọ̀pọ̀ nínú èso rẹ̀ dànù kó lè sinmi. Mo gé ẹ̀ka ọsàn wẹ́wẹ́ ẹlẹ́gùn-ún, mo fi ṣọgbà yí igi ká, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án tí kò ní ṣẹ̀jẹ̀. Mo wá fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó kan: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ GÉ ÈÈPO IGI YÌÍ MỌ́. Mo pe ọmọ wọn. Mo ní kó má tíì pe àwọn tó máa gé e, kó fún mi ní òjò ọdún kan.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà," Ìyá wí nígbà tí mò ń lọ. "Ọlọ́hun á san yín lẹ́san."

Àdúà náà jáde lẹ́nu wọn, àmọ́ kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa ròyìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún náà. Ọmọ wọn máa ń pè mí pé ewé tuntun ti ń yọ, èmi náà á sì fọ́nnu fún gbogbo ẹni tó bá fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí òjò dá díẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀, mo ní kí n lọ fojú ara mi rí i.

Igi náà dára! Ewé tuntun yọ lórí rẹ̀, pupa bí ewé máńgòrò ṣe máa ń pupa kó tó di aláwọ̀ ewé. Mo fi ọwọ́ yẹ amọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí i pé èèpo tuntun ti ń ti etí ọgbẹ́ rìn wọlé. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ilẹ̀.

Ewé gbígbẹ kún ojúde. Kò sẹ́ni tó gbá a. Wọ́n ti da àwọn àpótí ìjókòó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, alántakùn sì ti ta okùn sí wọn lẹ́sẹ̀. Mo ké àgò, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo wọlé, mo bá Ìyá lórí ẹní, lọ́sàn-án gangan, wọ́n kọjú sí ògiri.

"Ìyá, kí ló ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan kan. Àlàáfíà ni, a dúpẹ́ fún Ọlọ́hun." Wọ́n dìde jókòó. Wọ́n ti rù, ọrùn ọwọ́ wọn dà bí igi ìdáná. "Mo ti kírun Àílà tán ni mo ní kí n fara lélẹ̀."

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Màá jẹ. Ta ni mo fẹ́ tètè sè é fún?"

"Ta ló wá kí yín lọ́sẹ̀ yìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú wọn. "Ọmọ mi wá ní Jímọ̀ tó lọ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gún yín ló ń ṣọ́ mi."

Mo jókòó sí etí ẹní, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọn ò bínú, ńṣe ni wọ́n ń ṣàlàyé bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé.

"Tíṣà, ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ pé wọ́n ń pa igi mi ni? Bàbá wọn ti sọ ọ́ fún mi kí wọ́n tó jáde láyé. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá gé èèpo, á kọ́kọ́ kí mi. Á jókòó. Ibẹ̀ ni màá ti gbọ́ ẹni tó bímọ, ibẹ̀ ni màá ti gbọ́ ẹni tó kú. Ẹlòmíì á gbálẹ̀ fún mi, ẹlòmíì á pọnmi. Igi yẹn ni mo fi ń pe èèyàn. Bí mo bá ní kí wọ́n má gé e mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ arúgbó? Ìdí tí mo fi ní kí ọmọ mi gbẹ́ sàréè mi nìyẹn. Kì í ṣe tìtorí máńgòrò."

Inú mi bàjẹ́. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ díẹ̀, ó bàjẹ́ gan-an ni. Mo ti wo ewé, mo ti wo èèpo, mo ti wo ikán, mo sì gba ojú ẹni tí ń ṣàìsàn kọjá lọ. Ó tún dùn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí èmi náà mọ ilé tó dákẹ́. Omi bọ́ lójú mi, mo ní eruku ẹní ló kó sí i.

Ìyá wò mí dáadáa. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ń wá kí yín ní Ọlọ́runṣògo?"

"Àwọn tí igi wọn ò gbádùn," mo ní.

A jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Mo sun ibẹ̀ mọ́jú. Ní òwúrọ̀, mo ki ayùn sí i. Ẹ̀ka ńlá tó nà sórí òrùlé, èyí tó ń ba ọmọ wọn lẹ́rù, ó ṣì yè, èèpo rẹ̀ sì pé pérépéré. Igi náà ò lè máa bọ́ gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ pẹ̀lú èèpo tó kù lára rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n dín ẹrù kù lórí rẹ̀. Mo wá ọkùnrin kan lábúlé tó mọ igi gùn, a fi okùn so ẹ̀ka náà, a sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìfi kan páànù. Èmi àti Ìyá jókòó tì í, a bó èèpo rẹ̀ látìdí dórí. A sá a. Apẹ̀rẹ̀ ńlá tí wọ́n fi ń kó kòkó nígbà kan ló gbà á, ó sì kún dé ẹnu. Mo fa pátákó mi tu, Ìyá fi dáná ọbẹ̀. Ọgbà ẹlẹ́gùn-ún nìkan ni mo fi sílẹ̀.

Mo wá lọ sílé obìnrin ọlọ́mọ yẹn, mo bẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí, àmọ́ mo bẹ̀ ẹ́. Ọmọ rẹ̀ ti ń sáré káàkiri ilé, wọ́n gbé e lọ sí ibùdó ìlera nígbà náà lóòótọ́. Mo ní kó bá mi sọ fún gbogbo ará abúlé pé èèpo máńgòrò Ìyá ti wà, ọwọ́ Ìyá ló wà, kì í ṣe ara igi. Ẹni tó bá ń fẹ́, Ìyá ló máa fún un. Kí ó sì mú sùúrù jókòó, torí Ìyá kì í tètè dìde.

Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ni Ìyá ń fún èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Mo bi wọ́n léèrè lórí fóònù pé kí ló dé tí wọn ò fún wọn ní èyí tó máa tó wọn se lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Bí mo bá fún ẹnì kan ní ti ẹ̀ẹ̀mejì, ṣé á padà wá lọ́la ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi.

Ó di ìgbà ọyẹ́. Ẹsẹ̀ èèyàn dá nílé mi lásìkò yẹn, nítorí ìgbà ọyẹ́ kọ́ ni àwọn èèyàn máa ń ráyè wo igi. Fóònù mi lè dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá pè.

"Tíṣà, èèpo yìí ti ń tán o."

Mo mú ayùn, mo wọ mọ́tò, mò ń ronú lọ lójú ọ̀nà. Ẹ̀ka wo ni n óò tún gé? Igi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ni, bí mo bá tún gé òmíràn lára rẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, ó lè má lè fara dà á. Mo ti pinnu pé n óò kọ̀ fún wọn, mo sì ń wá bí n óò ṣe sọ ọ́ tí kò ní dùn wọ́n.

Wọ́n ti gbá ojúde mọ́ tónítóní. Àwọn obìnrin méjì ń kúrò níbẹ̀ bí mo ṣe ń dé, wọ́n di èèpo díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀rá. Ara Ìyá ti padà bọ̀ sípò. Wọ́n gbé àpótí méjì síta, wọ́n da aṣọ bo ọ̀kan, ife omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi àwo dé e.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, Tíṣà."

"Ìyá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo apẹ̀rẹ̀ ná, kí n mọ bó ṣe kù sí."

Mo wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ṣí ìdérí apẹ̀rẹ̀. Èèpo ṣì kún un ju ìlàjì lọ. Á tó wọn títí òjò máa fi dé, á sì tún ṣẹ́kù. Mo dúró síbẹ̀, ìdérí wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí wọ́n sọ fún mi létí ẹní lọ́jọ́ yẹn padà wá sí mi lọ́kàn: igi yẹn ni mo fi ń pe èèyàn.

Nígbà tí mo jáde, ojú ọ̀nà ni Ìyá ń wò, wọn ò wò mí.

"Ó ti ń tán, àbí?" wọ́n ní.

"Ó ti ń tán lóòótọ́, Ìyá," mo ní. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè mí."

"Ẹ jókòó, ẹ mu omi."

Mo ti ayùn sábẹ́ àpótí, mo sì jókòó.